Àjó Inú Báàfù Ìyá Àgbà

Kì í ṣe àkùkọ ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Bàrígà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló jọ ni ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà lójúlé kejì sí tiwa, lọ́nà tó já sí Ṣómólú. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀, ògiri á máa gbọ̀n, ṣíbí á máa lu abọ́ níbi tí a kó wọn sí. Maṣíìnì ìránṣọ màmá mi á dá a lóhùn láti inú yàrá, àwọn ará ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí ẹni tó kàn láti wọ balùwẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn nínú ilé náà, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, kọ́rídọ̀ gígùn kan ló sì wà láàárín. Tí èèyàn bá rin kọ́rídọ̀ náà dé òpin, á já sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilé ìdáná wà, tí kànga wà, tí àwọn báàfù Ìyá Àgbà sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí mo bá ń rántí ilé náà báyìí, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá ni mo ti ń sùn.

Àjó ló wà nínú àwọn báàfù náà, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní atalẹ̀ pupa, tí wọ́n ń rà ní lílọ̀ nínú ike. Báàfù mẹ́fà ni, kò sì sí èyí tí kò lu nínú wọn, torí Ìyá Àgbà gbà pé ohun tó bá ti lu ni Ọlọ́run fẹ́ kí a gbin nǹkan sí. Òun ni ìyá tó bí bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá máa bá wa gbé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí kò ní gbọ́ méjèèjì kí ó tó jókòó. Ẹrù méjì péré ló gbé wá: àpótí aṣọ kan, àti apẹ̀rẹ̀ kan tí ó to àjó sí, tí ó fi erùpẹ̀ bò. Láti ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ni àjó náà ti wá. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ẹ̀yìnkùlé yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, sàréè ìyá náà pàápàá ti wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ohun tó kù láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ láyé yìí kò ju ohun tó wà nínú báàfù mẹ́fà lọ. Kì í sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ọbẹ̀ ẹja. Ìyá Àgbà á gún àjó mọ́ ata, á dà á sínú òróró gbígbóná, òórùn rẹ̀ á sì gba kọ́rídọ̀ kan títí dé ẹnu ọ̀nà, débi pé àwọn tí kò ní jẹ nínú rẹ̀ á máa kí wa kú oríire. Bí ibà bá mú wa, á sè é pọ̀ mọ́ ewé dóńgóyárò. Bí ikọ́ bá ń ṣe wá, á pò ó mọ́ oyin. Bí ọ̀bẹ bá gé wa, á fi lẹ ojú ọgbẹ́ náà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó korò, àti pé kò sí ọmọ tó ń díbọ́n pé ara òun ò yá nílé wa. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára. Ọwọ́ bàbá mi dúdú fún yíǹkì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ pọ́n fún àjó, èmi tí mo wà láàárín wọn ni wọ́n máa ń ní kí n lọ fọ ọwọ́ kí n tó jẹun.

Tí a bá wú àjó, ìyá rẹ̀ á wà láàárín, àwọn ọmọ á yọ jáde lára rẹ̀ bí ìka ọwọ́. Àwọn ọmọ là ń jẹ. Ìyá, tó ní ojú tí yóò fi hù, ni à ń tọ́jú gbìn, òun là ń pè ní èbù, bí a ṣe ń pe ti iṣu. Ìyá Àgbà kì í ṣahun. Ó ń fún ará ilé ní ọmọ àjó, ó ń fún wọn ní gbígbẹ, ó ń bu ọbẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n èbù, rárá. Òfin kan wà tí ó ti bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: a kì í fi èbù àjó tọrẹ, a kì í sì í tà á, ẹni tó bá mú un lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tirẹ̀ á gbẹ. Mi ò mọ ẹni tó ṣe òfin náà. Ọ̀pọ̀ òfin wà nílé wa nígbà yẹn tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ṣe é, a sì ń pa wọ́n mọ́ ju ti ìjọba lọ.

Màmá Ẹbùn ló ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Obìnrin Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ létí ọ̀sà, ó ń yan án, ó sì ń tà á títí dé Pẹ́dírò. Ohùn rẹ̀ ga, ẹ̀rín rẹ̀ ga jù ú lọ. Ìjà òun àti Ìyá Àgbà kò ju orí omi ẹja lọ. Bó bá ti fọ ẹja tán, inú báàfù àjó ló máa ń da omi rẹ̀ sí.

"Màmá Ẹbùn! O ti tún da omi ẹja sí mi níbí!"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

"Ojoojúmọ́ lọwọ́ ẹ ń yọ̀?"

"Ẹja ló ń yọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi wàhálà bẹ̀rẹ̀ òní."

Bó bá ti wọlé tán, Ìyá Àgbà á mú igi, á fi máa tú erùpẹ̀ kí omi ẹja náà lè wọlẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tí àjó fẹ́ràn tó o. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Lójú mi báyìí, Màmá Ẹbùn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní èbù kan. Ìyá Àgbà fún un ní ọmọ àjó tó kún ọwọ́ méjì, ó ní kí ó má bínú, èbù ò ṣe é fi tọrẹ. Ìyẹn dúpẹ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹja tí ó ń yan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń dúró dè é. Ìyá Àgbà á gbé ẹja náà sókè lórí oúnjẹ, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹja obìnrin yìí mà ń pọ́n o," á ní, á sì jẹ ẹ́ tán.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún tí Ìyá Àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Ọṣẹ ló tẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ló ṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Igbóbì, níbi tí wọ́n ti ń to egungun. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá ní kọ́rídọ̀, tí gbogbo ilé ń sunkún, ojú tirẹ̀ gbẹ, èmi ló ń fi ojú wá.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "àjó mi o. Má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́."

Ó rò pé òun á padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ okùn, wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ okùn náà, oṣù sì ń gorí oṣù. Òjò dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ dé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi: àjó máa ń sùn. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ewé rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á dà bí ẹni pé ó ti kú, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò sì ti máa gbó. Èèyàn á fi í sílẹ̀ láìbomi rin ín ni. Lọ́dọọdún, kí ewé náà tó pọ́n tán ni Ìyá Àgbà máa ń gé e kúrò, tí á kó ajẹkù bébà láti ilé ìtẹ̀wé bàbá mi bo orí báàfù náà. Nítorí náà, bébà ni mo máa ń rí lásìkò ọyẹ́. Mi ò rí àjó tó ń gbẹ rí. Nígbà tí ewé àkọ́kọ́ pọ́n, mo fún un lómi. Nígbà tí ìkejì pọ́n, mo fi korobá kan kún un. Láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mo fún wọn lómi, bí mo bá dé, mo tún fún wọn. Okùn kànga bó mi lọ́wọ́. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ni ewé ń kú sí i, mo sì rò pé omi tí mo ń fún wọn kò tíì tó ni. Màmá Ẹbùn ìbá ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílé fún ọdún Kérésì.

Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi á mú mi lọ sí Igbóbì. Ìyá Àgbà kì í béèrè bí mo ṣe ń ṣe nílé ìwé.

"Àjó mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Ìyá."

"Ewé ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó tutù, Ìyá. Ó tutù yọ̀yọ̀."

Ẹ wá wo irọ́ ọmọdé. Ẹni tó mọ àjó bí ẹní mọ owó ni mo ń sọ fún, nínú ọyẹ́, pé ewé tutù yọ̀yọ̀. Ó máa ń wò mí díẹ̀, á wo òrùlé, á ní kí n bá òun na ìrọ̀rí. Mo rò pé ó gbà mí gbọ́ ni, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí ju ìgbà tí ì bá bá mi wí lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ti ọwọ́ bọ inú báàfù àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá ohunkóhun kù. Ó rọ̀. Ìka mi wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ, òórùn tó sì jáde kì í ṣe òórùn àjó mọ́. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi òróró kẹrosíìnì bàbá mi tí ó fi ń nu yíǹkì fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìsinmi, abẹ́ èékánná mi ṣì pọ́n. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn ní Igbóbì.

"Fi ọwọ́ ẹ hàn mí," Ìyá Àgbà ní.

Mo fi hàn án. Ó di ìka mi mú, ó wo èékánná kọ̀ọ̀kan, ó sì dá ọwọ́ náà padà fún mi bí ẹni dá ohun tó yá padà. Kò bi mí nípa àjó lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo sunkún láti Igbóbì dé Bàrígà, bàbá mi sì rò pé nítorí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni, ó ra búrẹ́dì fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, mo tú báàfù márùn-ún tó kù. Mo wà lórí ìkẹfà, erùpẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ mi, nígbà tí òjìji kan bò mí. Màmá Ẹbùn ló ti dé, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí.

"Kí lò ń wá nínú báàfù Màmá?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́. "Haa. O ti fi omi pa á. Ó ń sùn ni, Àbẹ̀kẹ́! Ta ló ń fún ẹni tó ń sùn lómi?"

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: korobá, ewé, irọ́ tí mo ń pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sọ pé kò sí òmíràn láyé, pé ti ìyá Ìyá Àgbà ni, pé èmi ni mo pa á. Ó tẹ́tí títí mo fi parí, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó tó. Lọ wẹ̀. Ní Sátidé, wàá tẹ̀ lé mi lọ sétí ọ̀sà. Má sọ fún bàbá ẹ, má sọ fún màmá ẹ. O gbọ́?"

Etí ọ̀sà kò jìnnà sílé wa, ṣùgbọ́n mi ò débẹ̀ rí, torí Ìyá Àgbà gbà pé omi tí wọn kò lè ṣe ìtẹ̀bọmi nínú rẹ̀ kò yẹ kí Onítẹ̀bọmi sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n Màmá Ẹbùn ni ọkọ̀ ojú omi kan tó ti fọ́ wà, wọ́n ti rọ erùpẹ̀ kún inú rẹ̀. Màmá Ẹbùn fi àdá walẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé àjó jáde, odindi, ó le, ó wúwo. Ó ṣẹ́ ọmọ kan lára rẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n gan-an bí ti Ìyá Àgbà. Mo mọ òórùn náà kí n tó gbé e sún mọ́ imú.

"Ta ló fún yín, mà?"

"Ta ni yóò fún mi? Mo jí i ni." Ó ń wo ọ̀sà bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo tọrọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀. Òun ni mo fi ń pa ẹja lára kí n tó yan án. Ṣé o ti gbọ́ báyìí? Bó bá bi ẹ́, o ò mọ nǹkan kan. Àgbàlagbà bíi tèmi, kí wọ́n wá máa pè mí ní olè ní kọ́rídọ̀ yẹn, mi ò ní lè gbébẹ̀ mọ́."

Síbẹ̀, ó di èbù mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, ó sì gbé e relé. A da erùpẹ̀ tó ti bàjẹ́ nù, a rọ tuntun, a gbìn wọ́n, ó sì ní bí mo bá fún wọn ní omi kankan kí òjò tó rọ̀, òun á fi èmi náà yan ẹja. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí i tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, tí màmá mi ń ṣe kàyéfì.

Òjò méjì ti rọ̀ kí Ìyá Àgbà tó dé, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rù. Kò wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló rìn lọ tààrà, gbogbo kọ́rídọ̀ ń kí i káàbọ̀, ó ń fi orí dáhùn. Ewé àjó ti yọ bí ìka kan sókè. Ó ní kí n gbé àpótí ìjókòó wá. Ó fi ìka wa erùpẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ lára èbù kan, ó nù ún mọ́ ìró, ó sì jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Màmá Ẹbùn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú korobá omi ẹja, kò tẹ̀ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Màmá Ẹbùn."

"Mà."

"O ṣeun o."

"Fún kí ni, mà?"

"Fún ẹja tí o fi ń ránṣẹ́ sí mi ní Igbóbì."

Màmá Ẹbùn kò fi ẹja kankan ránṣẹ́ sí Igbóbì. Ó gbé korobá rẹ̀ sókè díẹ̀. "Omi ẹja nìyí, mà," ó ní. "Ṣé kí n lọ dà á síta?"

"Dà á síbi tó wù ẹ́, ṣáà má fi òórùn ẹ̀ pa mí." Ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù kí omi náà lè ráàyè kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń bá a lọ ata, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, tèmi ò tiẹ̀ tó oṣù mẹ́rin. Mo sọ gbogbo rẹ̀ àfi apá ti Màmá Ẹbùn. Ìyá Àgbà ń yọ egungun lára ẹja.

"Ọdún wo lo rò pé ó jí i?" ó bi mí.

Ọmọ ọlọ dúró sí mi lọ́wọ́.

"Èmi ni mo gbé e sórí ògiri fún un. Èyí tó ní ojú mẹ́ta. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń kọrin kó lè mọ̀ pé mi ò jáde." Ó fa egungun kan mu, ó tu ú. "Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ. Ta ló ní kí wọ́n má jí i? Ohun tó bá wà nílé kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ló máa kú. Ìwọ náà ti rí i."

"Ta ló wá fún ẹ̀yin, Ìyá?"

"Ta ni yóò fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. "Ọjọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ ni mo hú u. Ìyá mi dúró síbẹ̀ gbọnrangandan. Ó yíjú sí ògiri."

Gbogbo wọn ti lọ tán báyìí. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti kọ́ òmíràn sí i. Obáníkòró ni mò ń gbé, nísàlẹ̀ ilé alájà méjì, báàfù mi mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ajẹkù bébà ni mo ṣì fi ń bò wọ́n. Ìyàwó ọ̀dọ́ kan wà lókè wa, tí kò tíì pẹ́ tó kó wá. Ó ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n fún òun ní èyí tí òun lè gbìn. Mo ní a kì í fi fúnni. Mo mọ̀ pé ó ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé mo ṣahun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo gbé èbù kan sórí ògiri, mo wọlé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

"Mà, ẹ gbàgbé èyí sórí ògiri." Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi, ó tún kúnlẹ̀. Wọ́n mà kọ́ ọmọ náà o. Inú bí mi.

"Gbé e padà síbi tí o ti rí i," mo ní.

"Lórí ògiri, mà?"

"Lórí ògiri. Mo ní ọbẹ̀ lórí iná. Mi ò ní jáde mọ́ títí ilẹ̀ ọ̀la fi máa mọ́."

Mo ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Mo jókòó sórí àga, mo kọjú sí ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.